Ta Ló Ń San Owó Ibodè Tí Wọ́n Tì?

Ọ̀nà ọlọ́dà tó gba Ṣábẹ wa ní ilẹ̀ Benin kọjá jìnnà ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò lọ. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e láti Kútọnu, tó gba Bohicon àti Dassa dé ọ̀dọ̀ wa, tó sì tún ń lọ, yóò kan Tchaourou, Parakou àti Kandi kó tó dé Malanville létí Odò Ọya. Gaya ni yóò bá lódìkejì afárá, ní ilẹ̀ Niger. Láti ibẹ̀, ọ̀nà kan tún wà tó gba Dosso, Birni N'Konni àti Tahoua lọ sí Agadez, níbi tí òkè Aïr ti dìde láàárín iyanrìn, tí ṣóńṣó rẹ̀ tó ga jù lọ lé ní 2,000 mítà. Láti Ṣábẹ dé Agadez, yóò tó nǹkan bí 1,400 kìlómítà.

Ọmọ ọdún 15 kan nínú ilé mi ló ní ká lọ rí òkè náà nígbà ìsinmi. Ó ti kà nípa igi aṣálẹ̀ Ténéré, igi kan ṣoṣo gíro tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń mọ ọ̀nà nínú aṣálẹ̀ yẹn, tí ọkọ̀ ẹrù kan wá wó lulẹ̀ ní ọdún 1973. Inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Niamey ni wọ́n gbé òkú igi náà sí. “Bàbá, nínú gbogbo ilẹ̀ gbalasa yẹn, igi kan ṣoṣo náà ni dẹ́rẹ́bà lọ kọ lù?” N kò rí èsì fún un. Mo fún un ní ìwé, mo ní kó bá mi ṣírò ohun tí ìrìn-àjò náà yóò ná wa. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Orí epo ló ti bẹ̀rẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 2,800 kìlómítà. Bí ọkọ̀ bá ń mu lítà 10 lórí 100 kìlómítà, yóò mu lítà 280. Bí a bá ka lítà kan sí 700 fáràńkì, owó epo di 196,000 fáràńkì. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin Benin fọwọ́ sí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 jẹ́ 52,000. Epo nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ oṣù mẹ́rin lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. A ò tíì jẹun, a ò tíì san owó ibùsùn, táyà kò sì tíì bẹ́ lójú ọ̀nà.

Ọmọ náà bi mí pé ṣé kpayo, epo inú ìgò tó ń ti Nàìjíríà wá, kò ní dín owó náà kù. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa nìyẹn ní Ṣábẹ níbí, nítorí Nàìjíríà kò jìnnà sí wa. Epo inú ìgò etí títì ló gbé ìrìn-àjò wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó ìrànwọ́ tí ìjọba Nàìjíríà ń san sórí epo ni àwa náà sì ń jẹ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ẹ̀bìbí ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu, ó kéde pé ìrànwọ́ náà ti dópin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo tí kò tó 200 náírà lọ́hùn-ún ti wọ nǹkan bí 500. Ẹni tó ń ta kpayo lẹ́bàá títì wa kò dìbò ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n òun náà fowó lé epo rẹ̀, ọlọ́kàdà fowó lé ti tirẹ̀, ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ tó ń gbé ẹrù wọ ọjà sì san án.

Lẹ́yìn epo, ìgbà ló kàn. Láàárín oṣù Èrèlé sí oṣù Ẹ̀bìbí ni owó kajú máa ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ agbègbè wa. Ìsinmi gígùn àwọn ọmọ ilé ìwé kì í bẹ̀rẹ̀ títí oṣù Òkúdù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ní ti aṣálẹ̀, ìgbà ọyẹ́ ni ara lè gbà á, láti oṣù Bélú sí oṣù Èrèlé. Nígbà tí owó wà, àyè kò sí. Nígbà tí àyè yọ, owó ti di aṣọ, oògùn àti owó ilé ìwé, oòrùn aṣálẹ̀ sì ti le. Ìdí rèé tí àwọn ìyá wa fi ń dá èésú. Ọmọ tí a bá fi èyí hàn yóò mọ̀ pé kì í ṣe iye tó ń wọlé nìkan là ń kà, a ń ka oṣù tó ń wọlé pẹ̀lú.

Ibodè ló wá kàn, ibẹ̀ sì ni ìṣirò náà ti dojú rú. Ní ọjọ́ 26 oṣù Agẹmọ ọdún 2023, àwọn ológun gba ìjọba ní Niamey. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fi ìyà jẹ Niger, Benin sì ti ibodè Malanville. Nígbà tó di oṣù Èrèlé ọdún 2024, ECOWAS mú ọ̀pọ̀ nínú ìyà náà kúrò, Benin ṣí ti tirẹ̀, ṣùgbọ́n Niger kò ṣí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ECOWAS pátápátá, ẹgbẹ́ tó ti fọwọ́ sí i láti ọdún 1979 pé kí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa wọ ilẹ̀ ara wọn láìgba físà.

Síbẹ̀, fáràńkì CFA kan náà ni wọ́n ṣì ń ná ní Niamey àti ní Kútọnu. Epo rọ̀bì Niger pàápàá ń ti Agadem bọ̀ nínú páìpù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 kìlómítà, tó gba ilẹ̀ wa kọjá dé etí òkun ní Sèmè. Oṣù Ẹ̀bìbí ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ gbé nínú epo náà. Ìjà wà lórí páìpù yẹn náà, ṣùgbọ́n wọ́n wá bí wọ́n ṣe parí rẹ̀, nítorí owó ńlá wà níbẹ̀. Ìyá tó ń ru àlùbọ́sà kò ní páìpù. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ló ń gbé e àti ẹrù rẹ̀ sọdá Odò Ọya lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá tí ọkọ̀ ìbá gbà.

Ta ló wá ń san owó ibodè tí wọ́n tì? Kì í ṣe ọ̀gágun, kì í ṣe mínísítà. Dẹ́rẹ́bà tí ọkọ̀ rẹ̀ dúró ní Malanville ń san án. Ìyá olóúnjẹ tó ń bọ́ dẹ́rẹ́bà ń san án, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta gààrí àti iṣu lójú ọ̀nà wa níhìn-ín. Ọ̀nà kan kò sì wọjà: ọ̀pọ̀ ẹrù Niger tó ń gba Kútọnu tẹ́lẹ̀ ti gba Lomé àti Burkina Faso lọ. Ọ̀nà yẹn jìn jù, ó sì léwu jù, nítorí náà ẹni tó ń ra ìrẹsì ní Niamey ń san nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí irú èyí ń gbé ìlú dé, kó bi Agadez. Ìlú náà ti pẹ́ tó ti ń jẹun lára ọ̀nà. Iyọ̀ Bilma lórí ràkúnmí ló kọ́kọ́ bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò dé pẹ̀lú ọkọ̀ òfuurufú, títí ọ̀tẹ̀ ọdún 2007 fi lé wọn lọ. Lẹ́yìn wọn, gbígbé àwọn tó ń wá ọ̀nà Libya ló wá di iṣẹ́ ìlú náà. Òfin ọdún 2015 sọ iṣẹ́ yẹn di ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ológun tún fagi lé òfin náà ní ìparí ọdún 2023. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ mìíràn ń yí padà bí àṣẹ ṣe ń yí padà.

Mo sọ fún ọmọ náà pé a ò ní lọ. Ibodè nìkan kọ́ ló fà á. Ní oṣù Igbe ọdún 2025, ìjọba wa fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn agbébọn pa ọmọ ogun 54 ní àríwá Benin. Kò sí òkè tó ga tó kí n tìtorí rẹ̀ gbé ọmọ kọjá níbẹ̀.

Ibòmíràn wà tí owó wa lè dé. Láti Ṣábẹ, ká gba Dassa àti Savalou wọ Togo, ká dé Atakpamé, níbi tí àwọn Ifẹ̀ ti ń sọ èdè Yorùbá tí ọmọ náà lè fi nájà, ká sì kọjá sí Kpalimé, lẹ́bàá òkè Agou, òkè tó ga jù ní Togo, tó jẹ́ 986 mítà. Àlọ kò tó 400 kìlómítà. Epo àlọ àti àbọ̀ kò ní ju 56,000 lọ. Owó kan náà là ń ná, ibodè sì ṣí.

Kí a tó jáde nílé rárá, òkè Ṣábẹ ń bẹ. Orí rẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa sá sí nígbà ogun Dàhòmẹ̀, lónìí àwọn àlejò ń tọ̀nà jíjìn wá gùn ún. Ṣùgbọ́n àlejò tó gun òkè wa láàárọ̀, tó sì lọ sùn ní Parakou lálẹ́, Parakou ló ná owó rẹ̀ fún. Kí ìgbìmọ̀ ìlú tún ọ̀nà òkè ṣe, kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ amọ̀nà, kí wọ́n kọ iye owó sí gbangba kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ àlejò jẹ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín ṣírò ìsinmi yìí kí ẹ tó ná owó rẹ̀, kí wọ́n sì ka ibodè mọ́ epo àti oúnjẹ. Ní ti Kútọnu àti Niamey, kí wọ́n tètè parí ìjà wọn. Ọjà tó bá ti kọ́ ọ̀nà mìíràn kì í tètè padà.