Ẹ Jẹ́ Ká Fi Ìnàkí Sílẹ̀ Jẹ́jẹ́

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi, ẹ ní ìyànjẹ ni pé ní igbó Bwindi, ní Uganda, ẹni tí kò tíì pé ọdún 15 kò lè lọ wo ìnàkí. Èmi náà ò tíì pé 15, àmọ́ mo fara mọ́ òfin náà. Ikọ́ àti ọ̀fìnkìn wa ń ràn wọ́n, ó sì lè pa wọ́n. Ọ̀fìnkìn kì í kúkú tán ní kíláàsì wa!

Ìnàkí Cross River, tiwa àti ti Cameroon, ò tó 300 mọ́, wọ́n sì ń sá fún èèyàn. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, tẹ́ ẹ bá ń ṣètò ìrìn àjò, ẹ mú wa lọ bá àwọn tó ń ṣọ́ igbó. Ìyẹn náà tó wa.