Sí Ẹ̀yin Ọ̀gá Rewáyà Alímọ̀ṣọ́: Ẹ Sàmì Kí Ẹ Tó Fà Á Yọ

Ẹ̀yin ọ̀gá rewáyà, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìgándò, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí mẹ́káníìkì bá káwọ́ sókè, ẹ̀yin lẹ máa ń wá wáyà tó já kàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí: bí ẹ ṣe ń yọ ọwọ́ gééjì inú dáṣíbọọ̀dù, àti bí ẹ ṣe ń dá a padà, kò dára.

Iná dáṣíbọọ̀dù Corolla 1998 mi ló kú. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Wọ́n ní àwọn máa fi LED funfun sí i, àfi kí àwọn ṣí ojú gééjì. Mo dúró tì wọ́n. Ọmọ iṣẹ́ ti súkúrúdíráfà bọ abẹ́ ọwọ́ tó ń ka eré, ó fẹ̀yìn irin náà ti ojú gééjì, ó gbé e sókè, pà! Ọwọ́ fò jáde, ojú gééjì bó. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe àwọn yòókù. Kò sàmì sí ìkankan. Nígbà tó fẹ́ dá wọn padà, ojú ló fi wọ̀n ọ́n: ti eré sí òdo, ti epo sí E, ti ìgbóná sí C. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n wọlé. Iná tàn, inú mi dùn, mo sanwó.

Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ ìgbóná ti ń rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rò pé ara ọkọ̀ mi ti ń tutù sí i ni. Lọ́sẹ̀ kẹta, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìyànà Ìpájà, èéfín bo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo wo gééjì: àárín gan-an ló wà, ibi tó yẹ kó wà tí ohunkóhun ò bá ṣe ẹ́ńjìnnì. Tóòpù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó fà á. Gééjì epo àti ti ìgbóná nínú àwọn Toyota àtijọ́ kan ní òróró tó ki nínú. Bí ẹ bá pa kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ wọn kì í já wálẹ̀; ibi tí ẹ bá yí i sí ló máa dúró sí. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ti yí irin tín-ín-rín inú rẹ̀ sókè díẹ̀ nígbà tó ń fà á, tó wá lẹ ọwọ́ náà mọ́ C, gééjì náà ti di onírọ́ nìyẹn. Ti eré tún yàtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ gééjì, píìnì kékeré kan ló ń dá ọwọ́ dúró lórí òdo. Ẹ rọra gbé e fo píìnì náà, ẹ ó rí i pé ó máa lọ sinmi nísàlẹ̀ òdo. Ibẹ̀ ni ilé rẹ̀, ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ lẹ tẹ́ẹ̀pù mọ́, kí ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí. Tí ẹ bá ń dá a padà, ojú àmì náà ni kí ẹ ti fi í bọ irin, kí ẹ tó gbé e fo píìnì wá sí òdo. Ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ òdo tààrà ti fi eré tí kò sí kún un.

Súkúrúdíráfà ńkọ́? Ṣíbí tíì méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, pẹ̀lú páálí pẹlẹbẹ lábẹ́ wọn, ti tó. Tí ẹ bá ń dá ọwọ́ padà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi lẹ̀ mọ́ ojú gééjì, torí yóò máa há.

Mo mọ èsì tí àwọn kan máa fún mi: “Ọkọ̀ àtijọ́ ni, kí lẹ tún fẹ́ fi ṣe?” Ọkọ̀ àtijọ́ gan-an ló nílò gééjì tó ń sọ òótọ́! Rédíétọ̀ rẹ̀ ti rẹ̀, họ́ọ̀sì rẹ̀ ti le. Ìjàpá Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́ ní 1975 kò ní gééjì ìgbóná, torí afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Toyota wa, omi ló ń lò, gééjì yẹn nìkan ló sì máa sọ fún wa pé omi ti ń hó. Ti eré náà kì í ṣe eré ọmọdé. Òfin ní 50 kìlómítà ni kí á má kọjá láàárín ìlú. Ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ń fi máìlì kà á, 30 máìlì sì ti jẹ́ 48 kìlómítà. Bí ọwọ́ bá fi máìlì mẹ́ta péré rẹlẹ̀, ẹni tó rò pé òun ń pa òfin mọ́ ti rú u.

Ohun tí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò kò jìnnà sí yín. Ọ̀pọ̀ yín ló ní sìkánà, ihò rẹ̀ sì wà nínú gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996. Ẹ ta ẹ́ńjìnnì títí fáànù yóò fi ṣiṣẹ́, ẹ wo bí omi ṣe gbóná tó lójú sìkánà, kí ẹ wá wo gééjì. Ti eré, ẹ gbé ọkọ̀ bọ́ sí ọ̀nà LASU sí Ìṣẹri láàárọ̀ kùtù, kí ẹnìkan jókòó tì yín, kó máa ka eré lórí fóònù.

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ń wò yín o. Bí ẹ bá ń fi ojú wọ̀n ọ́n, bí wọ́n ṣe máa ṣe é nìyẹn lẹ́yìn fúrídọ́ọ̀mù, wọn ó sì fi kọ́ ọmọ tiwọn. Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ dákun, ọkọ̀ tó bá kàn tẹ̀ yín lọ́wọ́ lọ́la, kí súkúrúdíráfà tó jáde nínú àpótí, ẹ kọ́kọ́ mú pẹ́ńsù.