Jíà Kẹ̀kẹ́ Àtijọ́ Yẹn Kò Tíì Kú, Ẹ Tún Un Tò Ná

"Jíà yìí ti kú. Ẹ lọ ra kẹ̀kẹ́ mìíràn." Ohun tí bọ̀dá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe sọ fún mi nìyẹn nígbà tí mo gbé kẹ̀kẹ́ eré-ìje tòkunbọ̀ mi lọ bá wọn n'Íbàdàn. Mi ò jiyàn, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n. Àmọ́ níbo ni mo ti fẹ́ rówó kẹ̀kẹ́ mìíràn? Ìṣòro mi ò ju ẹyọ kan lọ: tí mo bá ti ń gun òkè, ṣéènì á kàn sún kúrò lórí àwo eléyín ńlá lọ sórí kékeré fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ mi á sì wúwo bí òkúta.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lára kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ọwọ́ jíà méjì máa ń wà lára ọ̀pá tó dagun láti iwájú lọ sí ìdí pẹ́dà. Ti òsì ló ni jíà iwájú, ti ọ̀tún ló ni ti ẹ̀yìn. Tí ẹ bá fa ti ọ̀tún sẹ́yìn, wáyà á fa ẹ̀rọ tó ń gbé ṣéènì, ṣéènì á bọ́ sórí àwo ńlá, kẹ̀kẹ́ á fúyẹ́ lẹ́sẹ̀. Àmọ́ sípírìn̄gì tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn ń fa wáyà padà ní gbogbo ìgbà. Kí ló wá ń dá ọwọ́ jíà dúró? Fíríkṣọ̀n ni! Àwọn wọ́ṣà ń fún ọwọ́ jíà mọ́ àárín, síkúrù kan ló sì ń pinnu bí wọ́n ṣe máa fún un tó. Tí síkúrù yẹn bá tú, tàbí tí òróró bá wọ ojú wọ́ṣà, sípírìn̄gì á borí. Ohun tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ mi gan-an nìyẹn.

Mo tú u fúnra mi. Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó tú u, torí wọ́ṣà kan tó bá dorí kodò ti tó láti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ẹ nu wọ́ṣà mọ́ dáadáa, kí ẹ sì tò ó padà bó ṣe wà. Ẹ ti ọwọ́ jíà síwájú pátápátá, ẹ gbé ṣéènì sórí àwo tó kéré jù lọ, ẹ fa wáyà kó le, kí ẹ tó dè é. Síkúrù kékeré méjì tún wà lára ẹ̀rọ ẹ̀yìn: H kì í jẹ́ kí ṣéènì bọ́ síta, L kì í jẹ́ kó wọnú sípóòkù. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sókè, ẹ fi ọwọ́ yí pẹ́dà dán an wò kí ẹ tó gùn ún. Ṣéènì tó bá wọ sípóòkù lórí eré kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà o!

Ní 1984, Shimano gbé jíà SIS jáde, èyí tó máa ń dún "kà" tó bá ti bọ́ sójú rẹ̀. Mi ò ní òun ò dáa o. Ó rọrùn gan-an ni. Àmọ́ ọwọ́ jíà, ẹ̀rọ ẹ̀yìn àti àwo eléyín gbọ́dọ̀ bára wọn mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní bọ́ sójú rẹ̀. Ti àtijọ́ ò mọ ìyẹn. Bóyá àwo márùn-ún ni o, bóyá méje ni o, etí yín àti ọwọ́ yín lẹ ó fi wá ojú rẹ̀. Níbi tí ojúlówó ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ti ṣòroó rí, ṣé ìyẹn kì í ṣe àǹfààní ńlá?

Èrò tèmi ni pé a ti ń yára jù láti sọ pé nǹkan ti kú. Síkúrù tó tú kọ́ ni ikú. Owó kékeré ni mo fi ra wáyà tuntun, ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà, mo sì ti ń gun òkè Mókólá láìsọ̀ kalẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbé tiyín fún oní-páńda, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fún síkúrù yẹn le díẹ̀ ná.