Ẹ Fi Késárì Wa Sílẹ̀

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ka Bíbélì Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa láìpẹ́ yìí. Ó dé ibi tí wọ́n kọ Késárì sí, ó pè é ní “Sísà”, bí ẹni ń tún àṣìṣe àwọn bàbá wa ṣe. Inú bí mi. Ní ayé Julius Caesar gan-an, ohùn K ni àwọn ará Róòmù fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gíríìkì gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sínú Májẹ̀mú Tuntun. Ẹnu àwọn ará Faransé àti Ítálì ló yí padà nígbà tó yá, Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀lé Faransé. Ta ló wá yẹ kó tún ti ta ṣe?

Orúkọ ènìyàn lásán sì ni o! Wọ́n pa Julius ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Kristi. Augustus, tó fi ṣe ọmọ, jogún orúkọ náà. Àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ sọ ọ́ di oyè. Jámánì ní Kaiser títí di 1918, tí Wilhelm Kejì fi sá lọ. Rọ́ṣíà gé e kúrú di tsar. Ivan Kẹrin ni wọ́n kọ́kọ́ dé ládé pẹ̀lú oyè yẹn, ní 1547. Lẹ́yìn tí Mehmed Kejì, ọba àwọn Ottoman, gba Constantinople, olú ìlú Róòmù ti Ìlà-Oòrùn, ní 1453, òun náà, Mùsùlùmí pọ́ńbélé, ní òun ni Késárì Róòmù.

Ti Amẹ́ríkà ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Àwọn tó lé ọba dànù ló ń pe òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró ní “czar”, tsar kan náà.