Ọ̀dà Ara Ẹ́ńjìnnì: Ẹ Kìlọ̀ Fáwọn Ọlọ́kadà Yín!

Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló ń ra ọ̀dà alágolo, tí wọ́n ń fín in sára ẹ́ńjìnnì fúnra wọn nílé. Kò burú, owó pẹ́ńtà á dín kù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀dà lásán, ooru ẹ́ńjìnnì á bó o bí èèpo iṣu, owó á sì ṣègbé. Èyí tó ń gba ooru ni kí wọ́n bèèrè lọ́jà.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, á fọ òróró kúrò, á fi sáńpépà ha á, á jẹ́ kó gbẹ. Á bo kabúrétọ̀, á sì bo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì. Bí ọ̀dà bá pa nọ́ńbà yẹn rẹ́, kí ló fẹ́ sọ lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá ní kó fi hàn? Fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ lá fín in, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èyí tó bá ki jù á ṣàn.

Èyí tó léwu jù rèé: afẹ́fẹ́ inú agolo náà ń gbiná. Ẹ̀yin ìyá alákàrà, ẹ má gbà kí wọ́n fín in nítòsí ààrò yín o! Agolo tó ti tán pàápàá, bó bá bọ́ sínú iná, á bú gbàù. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti fín in, kí wọ́n sì bomú. Ẹ́ńjìnnì tó ń dán dára, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ló jù.