DPO tó mọ̀ wá là ń fẹ́, kì í ṣe èyí tí a ó máa sá fún

Sí Olóòtú,

Òǹkọ̀wé yín kan sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ohun tí àdúgbò bíi Magodo ní Èkó nílò kò ju DPO, ìyẹn ọ̀gá téṣàn ọlọ́pàá, tí ọwọ́ rẹ̀ le lọ, ẹni tí àwọn ọmọ ìta yóò gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí wọ́n á fẹsẹ̀ fẹ. Mi ò gbà fún un. Àwa ará Magodo ti rí ọwọ́ líle.

Ní oṣù Kejìlá, 2021, ọlọ́pàá kó wọ Phase 2 pẹ̀lú àwọn ará Shangisha tó gba ìdájọ́ ilé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, wọ́n sì ń fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri ilé pé ilé ẹjọ́ ti gbà á. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kìíní, 2022, Gómìnà Sanwo-Olu fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ó ní kí wọ́n kúrò. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó bá níbẹ̀ dáhùn pé àṣẹ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá àti ti Mínísítà Ètò Ìdájọ́ ló gbé òun wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn bú ọ̀gá náà pé ó rí gómìnà fín. Èmi ò bú u. Abala 215 òfin ilẹ̀ wa fún gómìnà láyè láti pàṣẹ fún Kọmíṣánnà Ọlọ́pàá, Kọmíṣánnà náà sì lè ní òun fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ti Ààrẹ. Kí ni ọlọ́pàá tó kéré sí i fẹ́ ṣe? Ohun tó ń dùn mí ni pé Abuja ni àṣẹ tí wọ́n tẹ̀ lé lọ́jọ́ náà ti wá. Ta ló béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó mọ òpópónà wa?

Ẹ má rò pé nítorí pé mo nílé ní Magodo ni mo ṣe ń sọ èyí. Wọ́n jẹ àwọn ará Shangisha níyà. Láàárín 1984 sí 1985 ni ìjọba wó ilé wọn. Ilé ẹjọ́ gíga Èkó dá wọn láre ní 1993, pé kí ìjọba fún wọn ní pulọ́ọ̀tì 549, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì fọwọ́ sí i ní 2012. Ọlọ́pàá ò lè yí ìdájọ́ padà. Ṣùgbọ́n DPO tí tọ̀túntòsì mọ̀, tí wọ́n sì fọkàn tán, ì bá ti pè wá jókòó kí ọ̀dà tó kan ògiri ẹnikẹ́ni.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í dédé wà. Ká tó mọ ọ̀gá téṣàn lójú, wọ́n á ti gbé e lọ síbòmíràn. Owó tí wọ́n ń gbà náà kì í jẹ́ ká fọkàn tán wọn. Nígbà kan tí olè jí jẹnẹrétọ̀ wa gbé, téṣàn kan tí mi ò ní dárúkọ ní kí n mú owó bébà àti owó epo ọkọ̀ wá kí wọ́n tó lè wá wo ibi tí olè gbà wọlé. Mo san án. Nígbà tí wọ́n máa fi dé, òjò ti fọ ipa ẹsẹ̀ olè dànù. Èmi lágbára àtisan o. Ìyá tó ń ta ata ní Mile 12 ńkọ́, tí wọ́n mú ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ń béèrè owó béèlì lọ́wọ́ rẹ̀ lábẹ́ ògiri tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọ̀fẹ́ ni béèlì? Ọwọ́ líle kọ́ ni ìyá yẹn ń wá.

Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 ti ní kí Kọmíṣánnà dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ níbi tí ọlọ́pàá àti ará àdúgbò yóò ti jọ máa jókòó. Kí wọ́n má fi àwa onílé nìkan kún un. Kí wọ́n pe ọlọ́jà, awakọ̀ àti ayálégbé, kí wọ́n pe àwọn ará Shangisha náà, kí Kọmíṣánnà sì gbọ́ tẹnu wa kó tó gbé DPO kúrò. Kó sọ ọjọ́ ìpàdé fún wa. A óò wá.

Èmi ni,
Onílé kan ní Magodo