Ìdí Ọkọ̀ Tó Wọlẹ̀ Kì í Ṣe Ẹ̀bi Awakọ̀ Nìkan

Ẹ̀yin ará wa ní Òkè Ọya! Àkókò à-ń-relé kì í pẹ́ dé bá wa: bí kò bá ṣe Iléyá, Kérésìmesì ni, bí kò bá ṣe Kérésìmesì, òkú àgbà ni tàbí ìgbéyàwó ọmọ. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n tí àwa kà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn ògbólógbòó sitéṣọ̀n-wágọ̀n wa tí ìdí wọn ti wọlẹ̀, tí wọ́n ń wọ́ lọ lójú títì bí adìyẹ tó fẹ́ sàba.

A ó sọ èrò wa láìfepo bọyọ̀. Awakọ̀ nìkan kọ́ ló ba sípíríǹgì jẹ́. Àwa tí à ń wọ ọkọ̀ náà, tí à ń di ẹrù lé e, ọwọ́ wa wà níbẹ̀. Nítorí náà, àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe ti awakọ̀ nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a fi Peugeot 504 ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni tọmọdé tàgbà wa mọ̀ jù. Ọdún 1971 ni sitéṣọ̀n rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 1975 sì ni ilé iṣẹ́ Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ nílẹ̀ wa níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú wa, òun la fi lọ sílé, òun náà la fi padà. Ohun tó fi lè ru ẹrù ni pé sípíríǹgì tó ká bí ejò, méjì-méjì, ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀pá irin tó so táyà ẹ̀yìn pọ̀. Mẹ́rin ni gbogbo wọn. Agbára yìí ló tàn wá jẹ. A gbàgbé pé irin tó bá ru ẹrù fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún á rẹ̀, ìpẹtà á jẹ ẹ́, nígbà mìíràn ìká rẹ̀ ìsàlẹ̀ á sì kán síbi tó jókòó sí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Àwọn kan á ní, "Kí ló burú? Ṣebí ọkọ̀ náà ṣì ń rìn." Ohun tó burú nìyí. Bí ìdí ọkọ̀ bá wọlẹ̀, imú rẹ̀ á gbé sókè. Iná iwájú tó yẹ kó mọ́lẹ̀ sójú ọ̀nà á wá máa tàn sójú ẹni tó ń bọ̀, awakọ̀ tírélà tí iná sì fọ́ lójú lóru kò mọ ibi tí òun ń darí sí. Táyà iwájú, tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà, tó sì ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, á fúyẹ́ nílẹ̀. Táyà ẹ̀yìn á máa ha ara ọkọ̀ bó bá ti kó sí kòtò. Nínú àwọn sitéṣọ̀n kan, ohun kékeré kan wà lábẹ́ tó ń wo bí ìdí ọkọ̀ ti sún mọ́lẹ̀ tó, kó tó pín agbára bíréèkì fún táyà ẹ̀yìn. Bí sípíríǹgì bá ti kú, á rò pé ẹrù wà nígbà tí ọkọ̀ ṣófo. Bí a bá tẹ bíréèkì lójijì, táyà ẹ̀yìn á há, ọkọ̀ á sì fì. Ẹni tó ń gba Jẹ́bà lọ sí Ìlọrin, àti ẹni tó ń gba Lọ́kọ́ja, wọ́n mọ ohun tí à ń wí.

Oògùn tí a máa ń fi wò ó ló tún burú jù. Àwọn kan á gé táyà àtijọ́, wọ́n á kì í bọ àárín ìká sípíríǹgì. Ọkọ̀ á dìde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìká tí a ti kì kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, gbogbo ìyà á bọ́ sórí ìyókù, ọjọ́ tí wọ́n bá sì kán, ojú ọ̀nà ni. Àwọn mìíràn á fi iná wẹ́dà yọ́ ọ kí wọ́n lè fà á gùn. Iná tó ní ìwọ̀n ni wọ́n fi fún irin náà lágbára nílé iṣẹ́. Iná tí kò ní ìwọ̀n á gba agbára náà padà. Àwọn mìíràn á gbé sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù sábẹ́ rẹ̀: bí ẹrù kò bá sí, ọkọ̀ á máa fò bí ewúrẹ́, ibi tí sípíríǹgì ti so mọ́ ara rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Àwọn mìíràn á ra ṣọ́ọ̀kù tuntun nìkan. Ṣọ́ọ̀kù kì í ru ẹrù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ọkọ̀ má ṣe máa jó lẹ́yìn tó bá ti kọjá kòtò. Ṣọ́ọ̀kù tuntun lórí sípíríǹgì tó ti kú, aṣọ tuntun lára aláìsàn ni.

Àtúnṣe tó tọ́ kò fara sin. Kí a gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú, kó ṣófo, kí afẹ́fẹ́ táyà pé. Kí a wọ̀n ọ́n láti àárín táyà dé etí ara ọkọ̀ lókè rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, kí a fi wé irú ọkọ̀ kan náà tó ṣì dúró dáadáa. Kí a wo ìjókòó sípíríǹgì bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́, kí a sì wo àwọn bọ́ọ̀ṣì rọ́bà. Bí sípíríǹgì bá ti kú, kí a pààrọ̀ tọ̀tún tòsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ti 504, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. Kí a ṣọ́ra fún èyí tí a yọ lára ọkọ̀ tó ti gbó bíi tiwa, nítorí àárẹ̀ ẹlòmíràn la fi owó rà. Kí mẹkáníìkì má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan. Kó fi irin gbọingbọin gbé e dúró, kó sì rọra sọ ọ̀pá ẹ̀yìn kalẹ̀ kí rọ́bà bíréèkì má baà fà ya. Lẹ́yìn náà, kí a tún ojú iná iwájú tò, kí a sì dán bíréèkì wò.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹrù. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Bí ènìyàn mẹ́jọ bá wọ ọkọ̀, pẹ̀lú awakọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó kílò 70, kílò 560 nìyẹn. Ó ju àpò sìmẹ́ńtì oníkílò 50 mọ́kànlá lọ, a kò sì tíì gbé àpótí kan ṣoṣo sínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí la ó wá gbé àpò ẹ̀wà, àlùbọ́sà, ẹ̀pà, àti àgbò Iléyá. Bí a bá ń bọ̀, gàrí, èlùbọ́, epo pupa àti obì ni. Bí awakọ̀ bá kọ̀, a ó ní ó ń gbéra ga, a ó ní, "Ṣebí ọmọ ilé kan náà ni wá?" Bí sípíríǹgì bá wá kú, a ó ní kò mọ ọkọ̀ tọ́jú. Ṣé òdodo nìyẹn?

A mọ̀ pé owó sípíríǹgì kì í ṣe kékeré, àtìjẹ sì le. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹgbẹ́ wa: bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú a ó ti dá owó jọ, a ó ti wá ọkọ̀ tí yóò gbé òkú lọ sílé. Ìwà rere ni, a kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Kí ló wá dé tí àpò wa ń yára ṣí fún òkú, tó ń lọ́ra fún ohun tí kò ní jẹ́ kí alààyè kú?

Ìmọ̀ràn wa mẹ́ta nìyí. Èkíní, kí ẹgbẹ́ yá ọlọ́kọ̀ tó ń gbé ará wa lówó sípíríǹgì láti inú owó àjọ, kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Èkejì, kí ẹrù wúwo máa bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ, kí ènìyàn àti àpótí rẹ̀ máa bá sitéṣọ̀n lọ. Ẹ̀kẹta, kí awakọ̀ lágbára láti sọ pé "Ó tó," kí àgbà ẹgbẹ́ tó bá wà níbẹ̀ sì gbè é lẹ́yìn. Ẹrù tí a dì tí kò gún, títú là á tú u, kí a tún un dì.

Kí a mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Kí ọlọ́kọ̀ wá, kí awakọ̀ wá, kí àwọn ìyá wa ọlọ́jà tó ni ẹrù náà sì wá pẹ̀lú wọn.